Owó Ta Ni Yóò Ra Òwú? Àkọsílẹ̀ Ilé Ahunṣọ Méjì ní Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, ní àárín ọdún 2025. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbà kí n kọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀ ni n ó máa pè wọ́n, nítorí pé ojú títì kan náà ni agboolé méjèèjì wà, ọ̀kan lórí òkè, èkejì ní apá ibi tí omi ń ṣàn sí. Kí òǹkàwé má ṣe fi orúkọ yìí wọn ẹni tó mọṣẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Aṣọ òfì ni àwọn méjèèjì ń hun. Ọ̀gá Ilé Òkè ti kọjá ọgọ́ta ọdún, ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ kò sì tíì pé àádọ́ta. Ọ̀gá kan ṣoṣo, tó ti di olóògbé, ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ìdí nìyí tí àbúrò fi ń pe èkejì ní Ẹ̀gbọ́n títí di òní, àní nígbà tí inú bá ń bí i. Ọwọ́ ìyá olówùú kan náà ni wọ́n ti ń ra òwú. Ìbú aṣọ tóóró tó ń jáde lórí òfì wọn dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń ta òwú dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń gbá a mọ́ra dọ́gba. Mo ti tẹ́ aṣọ ilé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú oòrùn, n kò sì rí ohun tí mo lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ohun kan tí ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn mí: bó ṣe máa ń fa òwú nígbà tí ọ̀kọ̀ bá dé etí aṣọ jẹ́ kí etí aṣọ tirẹ̀ le díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ahunṣọ lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Oníbàárà kò lè mọ̀ ọ́n.

Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìtẹ́ sì ṣófo fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kéde Aláàfin Abímbọ́lá Akeem Ọ̀wọ́adé ní oṣù Kíní ọdún 2025. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ìwúyè rẹ̀ wáyé. Láàárín ìkéde àti ìwúyè yẹn, iṣẹ́ bo Ilé Òkè mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ fara hàn ní ìlú pẹ̀lú agbádá tuntun, àti àwọn ẹbí tí ìgbéyàwó wọn bọ́ sí àsìkò kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń darí sí. Nígbà tí ọ̀gá Ilé Òkè rí i pé òfì òun kò lè ká iṣẹ́ náà, ó ṣe ohun tí àwọn ahunṣọ ti máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: ó gbé apá kan iṣẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sọ iye tí yóò san lórí ìhun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe jáde sétí oníbàárà. Àbúrò gbà.

Ọ̀kan lára àwọn tó ra aṣọ náà ni ìyá ìyàwó kan láti Ìbàdàn, tó ní kí wọ́n hun aláwọ̀ ẹtù fún àwọn ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ìbátan tí kò kà tẹ́lẹ̀ dìde pé àwọn náà yóò wọ aṣọ ẹbí. Ilé Òkè ní ọwọ́ àwọn kò dilẹ̀. Ẹnìkan nítòsí fi Ilé Ìsàlẹ̀ hàn án, obìnrin náà sì gbé aṣọ tó ti rà tẹ́lẹ̀ dání gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ fi àtàǹpàkò yẹ etí aṣọ náà wò, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ó dá iye tí Ilé Òkè gbà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì ni òun yóò san. Nígbà tí bàbá náà sọ pé kò ní sí ìyàtọ̀ kankan nínú méjèèjì, ohun tí obìnrin náà fi dá a lóhùn ni gbólóhùn tó jẹ́ kí n pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀:

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ lè hun ún kó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí lóde pé níbo ni mo ti rà á, kí ni n ó wí?"

Bàbá náà fẹ́ sọ fún un pé òun ló hun èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ ọ́, nítorí àdéhùn. Ó gba ìdajì náà, ó hun aṣọ, ó sì gòkè lọ bá Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé kí ó pín nínú èrè tó jẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n ní iye tí àwọn jọ fẹnu kò sí ni òun san. Ohùn gòkè. Báyìí ni ẹjọ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ pè é ní jìbìtì, wọ́n ní Ilé Òkè ta iṣẹ́ ẹlòmíràn ní orúkọ ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ní obìnrin ará Ìbàdàn náà ni kò gbọ́n, tí kò mọ̀ pé ohun kan náà ni òun rà ní iye méjì. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ òfì kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tó ń ká òwú yàtọ̀, ẹni tó ń ta á yàtọ̀, ẹni tó ń hun ún yàtọ̀, ẹni tó ń rán an pọ̀ yàtọ̀, orúkọ ọ̀gá tí iṣẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ni aṣọ sì ń jẹ́. Ní ti oníbàárà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa kí a tó pè é ní òmùgọ̀.

Láyé àtijọ́, ohun tí a fi hun aṣọ ló ń sọ iye rẹ̀. Sányán ni baba aṣọ, nítorí pé ara ilé tí ìdin kan ń kọ́ sórí igi ni wọ́n ti ń yọ òwú rẹ̀, iṣẹ́ tó sì wà nínú yíyọ ọ́ pọ̀. Òwú pupa tí wọ́n fi ń hun àlààrì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti etíkun àríwá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹtù ní tirẹ̀, inú aró ẹ̀lú ni wọ́n ti ń rẹ òwú rẹ̀ léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú wọn ti fi ohun tó ṣọ̀wọ́n sára, ojú sì lè rí i. Lónìí, òwú iléeṣẹ́ tó ti òkè òkun wá ni ó pọ̀ jù lọ lórí òfì, aláwọ̀ sányán, aláwọ̀ àlààrì, aláwọ̀ ẹtù, pẹ̀lú òwú tó ń dán yinrinyinrin tó ti gbòde láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á ní ọjà. Ohun tó ya aṣọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì báyìí wà nínú bí wọ́n ṣe gbá òwú mọ́ra tó, bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí, bóyá ojú rírán yóò tú, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sì í hàn ní ọjọ́ tí a ra aṣọ. A kì í fọ aṣọ òfì lóṣooṣù. Ọjọ́ ìnáwó ni a ń wọ̀ ọ́, a ó ká a sínú àpótí, ó sì lè tó ọdún márùn-ún kí àléébù tó yọjú. Oníbàárà tó dúró níwájú aṣọ méjì kò ní ohun tó lè fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n, nítorí náà ó ń wo ohun tó lè rí: ta ni ó ti rà á ṣáájú mi, ta ni yóò sì rí i lára mi.

Thorstein Veblen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé ní ọdún 1899 nípa bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń náwó kí ojú ayé lè rí i. Ó sọ òótọ́, Yorùbá tó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ kò sì dúró dè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Veblen kò tó fún ẹjọ́ yìí, nítorí ẹni tó ń rà ni ó tẹjú mọ́ jù. Ẹni tó ń tà ni ẹjọ́ tiwa dá lé lórí. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tí mo mọ̀ ni Joel Podolny, onímọ̀ àwùjọ, ọmọ Amẹ́ríkà náà, tó tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1993 lórí àwọn báǹkì tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá wá ẹ̀yáwó lọ́wọ́ àwọn olówó. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn báǹkì náà a máa gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn, wọn a sì to orúkọ ara wọn ní ipò-ipò. Podolny fi ipò orúkọ wọ̀nyí díwọ̀n iyì báǹkì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe pé báǹkì oníyì kàn ń gba owó gọbọi; iṣẹ́ kan náà kì í ná an ní iye tó ń ná ẹni tí kò níyì, débi pé ó lè dá iye tó kéré ju ti ẹlòmíràn lọ kó sì tún jèrè. Mo mọ̀ pé báǹkì ńlá ní Amẹ́ríkà jìnnà sí òfì abẹ́ igi ní Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣí ìwé ìṣirò ilé méjèèjì, ohun yìí gan-an ni mo rí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí Ilé Òkè hun aṣọ fún òun yóò san owó rẹ̀ tán kí wọ́n tó ta òwú. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Pẹ̀lú owó ọwọ́ yìí, ọ̀gá náà yóò lọ bá ìyá olówùú, yóò ra òwú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá olówùú yóò sì dín owó fún un, nítorí pé ó sanwó lójú ẹsẹ̀ àti nítorí pé ìyá náà fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni Ilé Òkè ti ń rajà. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lórí òfì, owó oníbàárà ló wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó wá kó aṣọ rẹ̀, kò dun Ilé Òkè.

Ní Ilé Ìsàlẹ̀, oníbàárà á san ìdá kan nínú mẹ́ta bí ó bá ṣe dáadáa, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n hun ún kí òun rí i ná. Àwọn alárọ́bọ̀ tó ń kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́jà kì í sanwó títí wọn yóò fi tà á. Owó ara rẹ̀ ni ọ̀gá náà fi ń ra òwú, bí owó ara rẹ̀ bá sì tán, àwìn ni. Ìyá olówùú kan náà yìí, obìnrin tí kò burú rárá, máa ń fi nǹkan lé owó àwìn, nítorí pé òun náà ń jẹ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó òwú wọlé. Ìdí nìyí tí òwú kan náà, láti inú ìsọ̀ kan náà, fi wọ́n fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń lọ ní owó pọ́ọ́kú, tó sì rọ̀ fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń lọ ní owó gọbọi. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó rò pé gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì jẹ́ èrè tí Ilé Òkè ń fi orúkọ kó jẹ kò ka apá yìí.

Àdánù náà kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ alárọ́bọ̀, òwú kò sí, nígbà tí òwú kò bá sí, òfì yóò dúró. Òfì tó dúró ni ẹni tó bá mú owó wá, bó ti wù kó kéré tó, máa ń bá pàdé. Bí obìnrin ará Ìbàdàn náà ṣe bá a gan-an nìyẹn: òfì méjì nínú mẹ́rin ló wà láìní òwú lórí lọ́jọ́ náà, obìnrin náà sì ní òun yóò san ìdajì tí òun dá náà ní owó ọwọ́. Mo bi ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ ní iwájú ìgbìmọ̀ pé kí ló dé tí kò lé e lọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Akọ̀wé, owó òwú ló mú wá." Iye kékeré tó gbà yìí ni oníbàárà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbọ́, òun ni yóò sì fi gbà pé aṣọ ilé náà kò tó ti òkè.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju ẹjọ́ yìí lọ. Nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní ọdún 2020, aṣọ Ilé Ìsàlẹ̀ wà ní ìsọ̀ àwọn alárọ́bọ̀ tí kò tíì sanwó. Ó jóná mọ́ ọn lórí. Àwọn obìnrin náà kò rí nǹkan kan san, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹsùn kàn wọ́n, nítorí pé àwọn pẹ̀lú ti pàdánù ohun gbogbo. Ilé Òkè kò ní aṣọ kankan ní ọjà. Gbogbo èyí tó hun ni olówó rẹ̀ ti san owó rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n ló fi yọ nínú iná náà. Ohun tó yọ ọ́ ni pé ilé tó níyì kì í tajà sílẹ̀ de oníbàárà, oníbàárà ló ń wá a wá.

Mo bi ọ̀gá Ilé Òkè bí iyì náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìdí rẹ̀. Ó ní baba òun hun aṣọ fún ìjòyè kan nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìjòyè náà ní ọ̀rẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ náà ní ọmọ, àwọn ọmọ náà di ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Àwọn fọ́tò wọn ló kún ara ògiri yàrá àlejò rẹ̀. Wọn kì í fi aṣọ han àlejò ní ilé yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó sí iwájú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tí n kò retí. Ó ní àárín ìgbà tí ìtẹ́ ṣófo, tí àwọn ìnáwó tó máa ń mú owó wá sí ọ̀dọ̀ òun kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wá láti ra fìlà àti gèlè olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n fẹ́ kó dán yinrin, tí iye rẹ̀ sì pọ̀ tó láti gbé òfì òun dìde. Ó kọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ bínú, nítorí pé owó oúnjẹ ti ń ṣòro. Ó ní, "Bí ẹni tó san owó ńlá bá rí ọwọ́ mi lórí gbogbo ọmọ tó ń gun ọ̀kadà ní Ọwọ́dé, ṣé yóò tún wá?" Ó darí ẹgbẹ́ náà sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ní inú rere, àbúrò sì dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pe Ilé Ìsàlẹ̀ ní ilé aláṣọ ẹgbẹ́.

Iyì ní owó orí tirẹ̀ tí ẹni tó ni ín ń san, n kò sì rò pé ó dára kí a kọ ẹjọ́ Ilé Òkè bí ẹni pé ó kàn jókòó tí owó ń wá bá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí oore yẹn ṣe rí. Iṣẹ́ tí ẹni òkè kọ̀ kí ó má bàa bọ́ sílẹ̀ ni ó fi ran ẹni ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà gan-an ni ó sì so ẹni ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ìkà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìgbésí ayé àwọn òṣìṣẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ọmọkùnrin kan wà tí ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ kọ́ níṣẹ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Ní ọdún kan sí àkókò tí yóò gba òmìnira, ó kúrò, ó lọ sí Ilé Òkè, níbi tí wọ́n ti ń san owó ìhun tó kéré ju èyí tó ń gbà lọ, tí ó sì gbọ́dọ̀ sìn fún àkókò mìíràn. Mo rò pé wọ́n tàn án ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé bí òun bá dá dúró lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi òun ni ọ̀dọ̀ ta ni òun ti kọ́ṣẹ́, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni yóò sì sọ bóyá oníbàárà yóò kọ́kọ́ sanwó tàbí yóò ní kí òun hun ún ná. Ó fi kún un pé bàbá ọmọbìnrin tí òun ń fẹ́ sọ́nà ti ń bi òun léèrè iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn àìsàn, ṣùgbọ́n nígbà tí òun dárúkọ Ilé Òkè, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Èyí túmọ̀ sí pé Ilé Òkè ń rí ọwọ́ tó dára jù ní owó tó kéré jù, Ilé Ìsàlẹ̀ sì ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọmọ tí yóò lọ hun aṣọ fún ẹlòmíràn. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, iṣẹ́ ilé méjèèjì yóò wá yàtọ̀ síra lóòótọ́, àwọn tó ti ń sọ pé ó yàtọ̀ láti ìgbà tí kò tíì yàtọ̀ yóò sì ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Robert Merton, onímọ̀ àwùjọ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé irú èyí láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1968: bí ẹni tó lórúkọ àti ẹni tí kò lórúkọ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan, ẹni tó lórúkọ ni ayé máa ń fi ìyìn fún. Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ inú Ìhìnrere Mátíù pé ẹni tó ní ni a ó tún fi fún. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un láti Ọ̀yọ́ ni ti ìyá arúgbó kan tó ń ká òwú fún ilé méjèèjì. Iye kan náà ni ó ń gbà lórí ìdì òwú kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ òwú tí yóò di agbádá olówó ńlá tàbí òwú tí yóò di fìlà ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó bi í rí pé iṣẹ́ ta ni ó ṣòro jù. Mo bi í. Ó ní ti Ilé Òkè, nítorí pé wọn kì í gba òwú tó já tí a so. Iyì tó sọ owó aṣọ di ìlọ́po méjì kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ìyá yìí, iṣẹ́ nìkan ni ó fi kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ tóóró pọ̀. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé, wọ́n ní ìyẹn kò sí nínú ẹjọ́, wọ́n sì kọjá lọ.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá Ilé Òkè kò fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Aránṣọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ náà kì í sanwó ṣáájú. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí aṣọ bá dé Èkó ni owó ń wọlé, orúkọ aránṣọ ló sì wà ní ọrùn ẹ̀wù nígbà tí wọ́n bá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí Ọ̀yọ́ níbẹ̀, kí a má tilẹ̀ wá sọ orúkọ ahunṣọ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbọ́ èyí ní iwájú ìgbìmọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀yin náà nìyí?" Bàbá náà ní òun gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun lè sọ fún àwọn oníbàárà ní Ọ̀yọ́ pé aránṣọ náà ń rajà lọ́dọ̀ òun.

Ohun mẹ́ta ni Ilé Ìsàlẹ̀ béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí Ẹ̀gbọ́n san nínú èrè iṣẹ́ tó ti kọjá. Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí i, nítorí pé àdéhùn ti wà, wọ́n sì ti mú un ṣẹ. Èkejì ni pé kí wọ́n gbà á láyè láti hun àmì kékeré kan sí etí gbogbo aṣọ tó bá hun fún Ilé Òkè. Ọ̀gá Ilé Òkè gbà, láìfẹ́, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Oníbàárà tó gba aṣọ náà béèrè pé kí ni àmì yẹn, wọ́n sọ fún un, ó sì ní kí wọ́n gé e kúrò. A kò tún sọ̀rọ̀ àmì mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé láti ìgbà náà lọ, owó òwú gbogbo iṣẹ́ tó bá ti òkè wá gbọ́dọ̀ ti òkè wá, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀gá Ilé Òkè ti gbà láìjanpata, nítorí pé owó oníbàárà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń mú un ṣẹ. Lójú tèmi, ẹ̀kẹta yìí tóbi ju méjì àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ béèrè. Òfì mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìsàlẹ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí.

Ohun kan ṣì kù nínú ìwé ẹgbẹ́ tó yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ní ọdún tó ṣáájú, ọ̀gá Ilé Ìsàlẹ̀ ti kọ̀wé béèrè fún ẹ̀yáwó láti fi ra òwú sílẹ̀ de ìnáwó òpin ọdún. Ìgbìmọ̀ ní kí ó ní sùúrù, wọ́n ní ọjà rẹ̀ kò dá wọn lójú, àwọn onídùúró tó mú wá kò sì lágbára. Lẹ́yìn tí ẹjọ́ yìí parí, ó tún béèrè. Owó kan náà ni, òfì kan náà, ìwé ìṣirò kan náà tí a ti yẹ̀ wò nígbà àkọ́kọ́. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ìjókòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè láti rí aṣọ.